Ẹrù Tí Kò Dé Èbúté

Àwòrán kan wà tí mo máa ń wò lóru, nígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́. Alùpùpù mẹ́ta ni, wọ́n tò wọ́n ti ara wọn sẹ́yìn lọ́rì. Táyà ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn, gbogbo wọn sì kọjú síbì kan náà bí ìgbà tí ẹni tó máa gùn wọ́n ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹja ló wà níbi tó yẹ kí ènìyàn jókòó.

Ìsàlẹ̀ Òkun Pupa ni wọ́n wà, nínú ọkọ̀ ẹrù Thistlegorm, ní nǹkan bí mítà 30 sísàlẹ̀ omi, nítòsí Ras Muhammad nílẹ̀ Íjíbítì. Ọdún 1940 ni wọ́n kan ọkọ̀ náà ní Sunderland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1941, ó kó ìbọn, ọta, lọ́rì, bàtà rọ́bà àti ẹ̀ńjìnnì rélùwéè méjì kúrò ní Glasgow, ó ń gbé wọn lọ fún àwọn ọmọ ogun tó wà ní aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà. Ogun ti ba ọ̀nà tó yá jẹ́, ló bá yí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà po. Ó fi ọ̀pọ̀ oṣù rìn, ó ku díẹ̀ kó débi tó ń lọ, wọ́n ní ọ̀nà Suez dí, kó dúró ná. Ibi tó dákọ̀ró sí ni ọkọ̀ òfuurufú Jámánì bá a lóru ọjọ́ 6, oṣù kẹwàá. Ọkọ̀ ńlá tó kó ọmọ ogun ni wọ́n ń wá kiri, wọn ò rí i, òun ni wọ́n rí. Bọ́ǹbù bọ́ síbi tí ọta wà. Ènìyàn 9 ò padà sílé mọ́.

Nígbà mìíràn, ọkàn mi á lọ sọ́dọ̀ àwọn ọta tó rì. Ọta tó wà lábẹ́ omi kò lè sọ ìyàwó ẹnikẹ́ni di opó. Síbẹ̀, mi ò lè yọ̀. Ní aṣálẹ̀, ẹnì kan ń retí bàtà. Ní Bìrìtìkó, ìyá kan ń retí ọmọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, amòòkùn kan tó ń jẹ́ Jacques Cousteau àti àwọn ènìyàn rẹ̀ mòòkùn, wọ́n rí ọkọ̀ náà. Wọ́n gbé agogo rẹ̀, wọ́n gbé alùpùpù kan. Lẹ́yìn náà, òkun tún dákẹ́ lé e lórí títí di àwọn ọdún 1990, tí èrò wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀. Àwọn kan so ọkọ̀ wọn mọ́ ọn lára, okùn sì ń fa irin rẹ̀ ya. Àwọn kan ń tú ara alùpùpù mú lọ sílé. Àwọn àgbà ní amòòkùnjalè, bí ọba ayé ò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́. N kò mọ̀ pé òwe yẹn lè bá ẹnì kan wọ inú omi báyìí.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti èémí. Bí ẹni tó mòòkùn bá mí, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á gòkè, á kọlu òrùlé irin, á há síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há yẹn ló ń mú kí irin náà dípẹtà kíákíá. Ẹni tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan, tó wá wò lásán, èémí rẹ̀ ń jẹ ọkọ̀ náà.

Ẹni tó rí he tó fẹ́ kú, ẹni tó sọ ọ́ nù ńkọ́? Mo rò pé àwọn kan gbọ́ ìbéèrè yìí: wọ́n mòòkùn lọ lu ihò sára ọkọ̀ náà, kí èémí àlejò lè rọ́nà jáde. Ihò lásán ni, ṣùgbọ́n àwọn 9 yẹn ni mo rí i pé wọ́n bọlá fún.

Mo tún gbé àwòrán náà. Ẹni tó yà á mí níbẹ̀. Nítorí tèmi tí mo fẹ́ wò ló ṣe mí.