Ìrètí Kì í Ṣe Ìkáwọ́gbera

Ní ìpàdé wa kan, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa dìde, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan tí kò sí ẹni tó lè dáhùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní àgbẹ̀ ni bàbá òun. Òjò tí bàbá òun mọ àsìkò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní àsìkò mọ́: ó lè pẹ́ kó tó dé, bó bá sì dé, ó lè gbá oko lọ. Ó ní, "Bí ayé bá ti ń bàjẹ́ báyìí, kí ni mo tún ń gbin igi sí? Kí ni ọwọ́ tèmi nìkan lè ṣe?"

Kò yẹ kí a fi ọmọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí kò purọ́. Ọdún 2024 ni ó gbóná jù lọ láti ìgbà tí a ti ń fi ẹ̀rọ wọn ooru ayé. Omíyalé ọdún 2022 pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Èéfín èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì tí àwọn orílẹ̀-èdè onílé-iṣẹ́ ńlá ti ń sun láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó fa èyí tó pọ̀ jù nínú ooru náà. Ìpín Áfíríkà nínú èéfín yìí lọ́dọọdún kò tó 5 nínú 100. Ìrẹ́jẹ ni, kò sì yẹ kí a dákẹ́ nípa rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe méjì ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Èkíní ni ti ẹni tó sọ pé ọ̀ràn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Èkejì ni ti ẹni tó sọ pé Ọlọ́hun yóò ṣe é, tó sì padà lọ sùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò jọra, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló káwọ́ gbera. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun mọ òpin ọ̀ràn. Ta ni ó fi hàn án? Ẹni kejì ní òun gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Àgbẹ̀ tí kò gbin nǹkan kan, kí ni ó fẹ́ kí òjò rọ̀ lé lórí? Gbogbo wa ni a mọ ẹ̀kọ́ Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nípa irúgbìn tó wà lọ́wọ́ ẹni nígbà tí ayé fẹ́ parẹ́. Ẹ̀kọ́ náà kò ní kí a kọ́kọ́ wádìí bóyá igi náà yóò so.

Ẹ jẹ́ kí a wo Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ní abúlé Gourga, ní àríwá Burkina Faso. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọ̀dá mú agbègbè rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kó lọ. Òun dúró. Ó mú ọgbọ́n àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní zaï, ó tún un ṣe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó gbẹ́ kòtò kéékèèké sínú ilẹ̀ tó ti le bí òkúta, ó kó ìgbẹ́ ẹran àti ewé gbígbẹ sínú wọn. Ikán wá jẹ ẹ́, wọ́n sì lu ihò tí omi ń gbà wọlẹ̀. Nígbà tí òjò rọ̀, omi kò ṣàn lọ mọ́. Ó dúró ní ìdí jéró àti ọkà bàbà. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú. Igi hù láàárín ọkà, ó di igbó. Wọ́n finá sí i. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Igbó náà ju 20 hẹ́kítà lọ nígbẹ̀yìn, ó sì kọ́ àwọn àgbẹ̀ mìíràn ní ọgbọ́n náà. Ní ọdún 2018, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Right Livelihood. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.

Sawadogo kò dá ooru ayé dúró. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti kú tún mú oúnjẹ jáde. Kò sì jókòó kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kó tó gbẹ́ kòtò. Bí ó ti ń gbẹ́ ẹ ni ìrètí ń dé.

Ẹnìkan lè ní, àwọn tó da ayé rú ni kó tún un ṣe. Òótọ́ ni, a ó sì máa béèrè lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ògùnpa kún ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ìdọ̀tí tí àwa fúnra wa dà sójú odò wà lára ohun tó fà á. Ní ọdún 2011, omi tún pa ènìyàn tó lé ní 100 ní ìlú kan náà. Bí ayé ṣe ń gbóná sí i, òjò ńlá yóò máa pọ̀ sí i. Bí a bá tún dí ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀bi ta ni?

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Ìjọba ní iṣẹ́ tirẹ̀, àwa náà ní tiwa. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kó gọ́tà àdúgbò rẹ̀ kí òjò tó dé. Ẹ jẹ́ kí a gbin igi, kí a sì máa bomi rin ín títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi kọjá, nítorí igi tí a gbìn fún yíya fọ́tò kì í pẹ́ gbẹ. Bí ẹnìkan bá ń kọ́lé sójú ọ̀nà omi, ẹ jẹ́ kí a lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ kí omi tó bá wa.

Àbúrò wa, a kò ní tàn ọ́. Ọwọ́ tìrẹ nìkan kò lè tún ojú ọjọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Ìṣirò, ohun tí ọwọ́ rẹ tó ni a ó bi ọ́ léèrè. Lọ gbin igi rẹ; a ó bá ọ pọn omi. Kí Ọlọ́hun ràn wá lọ́wọ́. Àmín.