Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Onígbàgbọ́ Gba Ẹjọ́ Olè Rò?

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí a jọ rò pọ̀. Ó dùn mí púpọ̀ kí ó tó yé mi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn olè já ìsọ̀ mi ní Iléṣà lóru. Àǹkárá àti léèsì tí mo gbà láwìn, tí n kò tíì san owó rẹ̀, ni wọ́n kó lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí díẹ̀ nínú àǹkárá náà lọ́wọ́ ọmọkùnrin alábàárù kan tó máa ń bá wa gbé ẹrù lọ́jà. Mo tẹ̀lé wọn dé tẹ́ṣàn, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló já ìsọ̀ mi.

Ìyá ọmọ náà ń ta ẹ̀kọ. Kò rí onídùúró, kò sì rí owó lọ́yà. Oṣù mọ́kànlá ni ọmọ rẹ̀ lò ní àhámọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ tí a dé kóòtù, ta ni mo rí tó dìde láti gba ẹjọ́ rẹ̀ rò? Ọmọbìnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa ni, ọmọ ìjọ wa, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́yà ní Òṣogbo. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Inú bí mi gidigidi. Mo ní, ṣé ọmọ tí a jọ ń gbàdúrà ló wá ń gbè lẹ́yìn olè?

Nígbà tí ó kàn mí láti jẹ́rìí, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fi ojú yín rí ọmọkùnrin yìí nígbà tí wọ́n ń já ìsọ̀ yín?" Mo dákẹ́. Mo ti fi Bíbélì búra. Mo ní, "Rárá, n kò rí i." Láti ọjọ́ kìíní ni ọmọ náà ti ń sọ pé ẹnìkan ló fún òun ní owó pé kí òun bá a gbé ẹrù náà lọ sí gáréèjì. Kò sí ẹni tó wá ẹni náà lọ. Adájọ́ dá a sílẹ̀.

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ọmọ náà jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo sọ ohun tí n kò rí, àti pé bí kò bá sí ẹni tó bi mí, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọn ì bá fi rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sẹ́wọ̀n.

Àwọn àgbà ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin ilẹ̀ wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Abala 36 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí a ka ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sí aláìjẹ̀bi títí ẹ̀rí yóò fi dé, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti ní agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀tọ́ yìí jẹ́ fún ẹni tí kò ní owó lọ́yà? Nítorí èyí ni ìjọba ṣe dá Legal Aid Council sílẹ̀ ní 1976, láti máa gba ẹjọ́ aláìní rò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ṣe òfin tuntun fún un ní 2011. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fi lélẹ̀, èyí tó di ₦70,000 ní 2024, lè lọ bá wọn. Ẹjọ́ olè jíjà wà lára èyí tí wọ́n ń gbà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní, "Bí ó bá wá jẹ́ pé òun ló jalè lóòótọ́ ńkọ́? Ọjọ́ gbogbo ni t'olè, ọjọ́ kan ni t'olóhun. Ṣé lọ́yà yóò tún gba ọjọ́ kan náà lọ́wọ́ olóhun ni?" Ìbéèrè gidi ni. Èmi náà bi ọmọbìnrin yẹn. Ó ní, "Mọ́mì, n kì í purọ́ fún adájọ́. Bí ẹni tí mo ń gba ẹjọ́ rẹ̀ rò bá jẹ́wọ́ fún mi, n kò gbọdọ̀ sọ pé ẹlòmíràn ló ṣe é. Ṣùgbọ́n mo lè ní kí ẹni tó fẹ̀sùn kàn án mú ẹ̀rí wá, mo sì lè bẹ̀bẹ̀ kí ìyà má ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ." Ó sì rán mi létí pé bí a bá ti ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ mọ́lé, olè gan-an ṣì wà lọ́jà pẹ̀lú wa.

Ìyà tó ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ìpínlẹ̀ wa yìí, wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin kan ní Òkukù ní 2010. Ní 2014, ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún un lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè. Adìẹ wà lára ohun tí wọ́n ní ó jí. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni Gómìnà Adémọ́lá Adélékè foríjì í ní December 2024. A dúpẹ́ fún àánú, ṣùgbọ́n àánú kì í kárí. Ẹni tí ariwo rẹ̀ kò dé etí gómìnà ńkọ́?

Àwọn bàbá wa Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, àwọn òṣómàáló, kì í tọrọ owó wọn bí ẹni ń ṣagbe. Wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò ní dìde títí yóò fi san án. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ lọ́yà tálákà rí. Gbígbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ́ fi sẹ́wọ̀n kì í ṣe sàráà; gbèsè ni ìlú jẹ ẹ́, ìbáà jẹ́ olè.

Láti 1730 ni John Wesley àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò ní Oxford, wọ́n sì ń san gbèsè kéékèèké tó ti àwọn kan mọ́lé. Nítorí náà, nígbà mìíràn tí a bá gbé búrẹ́dì àti ọṣẹ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹ jẹ́ kí a tún béèrè pé, "Ta ni lọ́yà rẹ? Ìgbà wo ni wọ́n mú ọ dé kóòtù kẹ́yìn?" Kí a kọ orúkọ ẹni tí kò ní lọ́yà sílẹ̀, kí a mú un lọ sí ẹ̀ka Legal Aid ní Òṣogbo. Bí ó bá sì di ọjọ́ tí wọ́n jí ohun ìní tiwa, kí a sọ kìkì ohun tí a rí.

Kí Olúwa fún wa ní ahọ́n òtítọ́. Àmín.