Ta Ni Yóò Dúró Ti Ọmọ Àgbàtọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Òwe náà kò sọ ọjọ́ tí igba ènìyàn yóò tú ká. Òfin ni ó sọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tí ìjọba fi sọ́dọ̀ alágbàtọ́ sábà máa ń kúrò níbẹ̀ ní ọdún 18 tàbí 21. Bí ó bá ní àìsàn ọkàn, ní nǹkan bí àkókò yìí kan náà ni àwọn tí ń tọ́jú ọmọdé máa ń fà á lé àwọn tí ń tọ́jú àgbàlagbà lọ́wọ́. Ilé àti olùtọ́jú lè tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ǹjẹ́ ojúṣe àwọn tí ó tọ́ ọ parí lọ́jọ́ náà bí?

Òfin kò ṣàì gbìyànjú. Ti ọdún 2008 pàṣẹ pé kí a bá ọmọ náà ṣètò ọjọ́ iwájú rẹ̀ láàárín 90 ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn ìtọ́jú náà. Ti ọdún 2010 sì mú kí Medicaid, ètò ìjọba tí ń san owó ìwòsàn, máa bá a lọ fún irú wọn títí di ọdún 26. Ṣùgbọ́n owó kì í bá aláìsàn jókòó de dókítà. Ẹni tí a ti fi sílẹ̀ rí kì í sì í tètè sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ fún àlejò.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni ọdún 18 ti dàgbà, òun ni ó ni àṣírí ara rẹ̀, òun ni yóò sì yan ìtọ́jú tí ó wù ú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà pàápàá kò dá tó ara rẹ̀. Fífún ọmọ lómìnira yàtọ̀ sí kíkẹ̀yìn sí i. Bí ìyá bá sin ọmọ rẹ̀ tí ó ti dàgbà dé ilé ìwòsàn, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó gba òmìnira rẹ̀.

Nítorí náà, ó tọ́ kí olùtọ́jú àtijọ́ àti tuntun jọ jókòó pẹ̀lú ọ̀dọ́ náà kí ìtọ́jú tó yí ọwọ́ padà. Kí alágbàtọ́ bá a lọ bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́. Bí kò bá sì yọjú ní ọjọ́ kejì tí a dá fún un, kí ẹnìkan wá a lọ. Ẹni tí ń gbé ẹrù ru ẹlòmíràn kì í yọwọ́ kí ẹrù tó jókòó lórí. Bí a bá ń ṣe èyí fún ẹrù lásán, ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.