Àyànmọ́ Àpáta Kan

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2004, àwọn tó ń fi ìṣírò tọpasẹ̀ àpáta ojú òfurufú rí èsì kan tí ọkàn wọn kò gbà. Àpáta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kàn ní oṣù Kẹfà ọdún náà lè kọlu ayé ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2029. Ìṣírò fi í sí ìdá 1 nínú 37. Apophis ni wọ́n padà sọ ọ́, orúkọ ejò òkùnkùn tó ń bá Ra, òrìṣà oòrùn àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, ṣọ̀tá.

Ẹ̀rù náà kò pẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Spacewatch ní Arizona tú àwòrán àtijọ́ yẹ̀ wò, wọ́n sì rí àpáta náà bàìbàì nínú èyí tí wọ́n ti yà láti oṣù Kẹta. Wọ́n fi ibi tó wà nígbà náà kún ìṣírò, ìkọlù 2029 sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kí ló wá yí padà? Àpáta kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ìdá 1 nínú 37 yẹn kì í ṣe ti àpáta rárá, ti àìmọ̀ ọmọ èèyàn ni. Ẹni tó bá ní àdúrà ló tì í dànù yóò rántí pé ìdáhùn ti wà nínú àwòrán fún oṣù mẹ́sàn-án kí ẹnikẹ́ni tó kúnlẹ̀.

Ṣé ohun gbogbo ti wà lákọsílẹ̀ nìyẹn? Kí èèyàn tó dáhùn, kó wo àpáta náà dáadáa. Ó fẹ̀ tó bíi mítà 340, ó rí bí ẹ̀pà oníhóró méjì tí wọn ò tíì pa, ó sì ń ta òkìtì bó ṣe ń lọ. Nǹkan bí ọjọ́ 324 ló fi ń yí oòrùn ká. Ooru tó bá gbà lọ́sàn-án, á tú u jáde bí ẹ̀gbẹ́ náà bá ti kúrò lójú oòrùn, ìtújáde yìí a sì máa rọra tì í kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ní 2029, bíi 32,000 kìlómítà péré ni yóò fi jìnnà sí ilẹ̀, ìsàlẹ̀ ibi tí sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n wà. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, wọn yóò fi ojú lásán rí i ní Áfíríkà. Òòfà ayé yóò tẹ ọ̀nà rẹ̀ débi pé ọdún rẹ̀ yóò lé ní 400 ọjọ́. Ohun tí òkúta bá pàdé lọ́nà náà ń dá sí ìrìn rẹ̀! Rédà tí wọ́n fi wò ó ní 2021 fi hàn pé kò ní kọlu ayé fún 100 ọdún, ó kéré tán.

Àwọn Yorùbá kò fi gbogbo ọ̀rọ̀ kádàrá yìí sínú àpò kan. Nínú ìwé tí Bọ́lájí Ìdòwú tẹ̀ jáde lórí Olódùmarè ní 1962, ó ya àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà àti àyànmọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, ní tirẹ̀ tẹnu mọ́ ẹsẹ̀, ìyẹn ìsapá ẹni: orí rere tí kò ní ẹsẹ̀ kò lè dé ibi tó ń lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn NASA fi ọkọ̀ òfurufú kan kọlu Dimorphos, àpáta tó fẹ̀ tó bíi mítà 160. Wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 55 ló máa ń fi yí àpáta mìíràn tó jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ ká tẹ́lẹ̀. Bíi ìṣẹ́jú 33 ló dín kù níbẹ̀. Ẹsẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn oníwàásù ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ń pè ní àyànmọ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣírò Apophis lọ́wọ́, ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004 yẹn gan-an, ilẹ̀ mì lábẹ́ Òkun Íńdíà, omi sì gbé ẹ̀mí tó lé ní 220,000 lọ. Ó gba omi náà ní bíi wákàtí méjì kó tó dé Sri Lanka. Ọ̀pọ̀ tó kú níbẹ̀ ì bá ti sá gun òkè, ṣùgbọ́n kò sí ètò ìkìlọ̀ kankan fún òkun náà. Ẹ̀yìn ikú wọn ni àwọn ìjọba tó gbé e kalẹ̀.