Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Tìtorí Ẹwà Yan Ajá Tí A Fẹ́ Ṣàánú?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn kan nínú wa ń bi ara wọn lẹ́yìn ìsìn, a sì rò pé ó yẹ kí a gbé e yẹ̀wò nínú ìwé wa ti ọ̀sẹ̀ yìí. Ìbéèrè náà nìyí: bí ènìyàn bá fẹ́ gba ajá kan tí kò lẹ́ni sílé, tí irú wọn bíi márùn-ún sì wà níwájú rẹ̀, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó mú èyí tí ó rẹwà jù lọ, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀? Àwọn mìíràn wí pé ọ̀rọ̀ ajá kò tó ohun tí à ń jókòó rò. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ohun kékeré ni a ti ń mọ bí ọkàn ènìyàn ti rí, nítorí níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè bi wá léjọ́ ni ìwà wa ti ń hàn gbangba.

Kò sí ẹni tí ń gbé Ugborikoko tí kò mọ irú àwọn ajá tí à ń sọ. Wọ́n wà lẹ́bàá ọjà, wọ́n wà nídìí ààtàn, wọ́n wà lábẹ́ ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́. Òmíràn nínú wọn, ẹni tí ó ni ín ni ó kó lọ sí ìlú mìíràn tí ó fi í sílẹ̀. Òmíràn sì wà tí apá kò ká owó oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí omi ńlá ya wọ ilẹ̀ Delta àti Bayelsa ní 2012, àti nígbà tí ó tún ya wọ̀ ọ́ ní 2022, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó sá kúrò nílé. Ẹni tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn tí ó sì ru ẹrù lórí kì í rí ọwọ́ mìíràn fi fa ajá. A kò dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn irú nǹkan báwọ̀nyí ni ajá fi ń di aláìnílé láìṣẹ̀. Ní Èkó, àwọn kan ti dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún irú ẹranko bẹ́ẹ̀, bíi St. Mark's Animal Rescue Foundation. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ọwọ́ aládùúgbò ni àánú sábà máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ni a ń fi ìrísí yan ajá. Ní 2012, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lórí ilé ìtọ́jú ẹranko 5. Wọ́n bi àwọn tí ó wá mú ẹranko lọ sílé pé kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi yan èyí tí wọ́n yàn. Ìrísí ẹranko náà wà lára àwọn ìdí tí wọ́n sọ jù lọ. Láàrin àwa náà, ajá òyìnbó tí ara rẹ̀ tóbi ni àwọn kan ń wá, Alsatian tàbí Rottweiler tàbí Boerboel, kí àwọn ará àdúgbò lè rí i lẹ́nu géètì. Ajá ìbílẹ̀ onírun pupa, tí ìrù rẹ̀ ká kò, kò sí ẹni tí ń bèèrè rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ dúdú ni, a ó gbọ́ pé ajá àjẹ́ ni.

Bí a bá rò ó dáadáa, a ó rí i pé ojú mẹ́ta ni ènìyàn fi ń wo ajá, wọn kò sì dọ́gba.

Ojú kìíní ni ojú ìlera. Èyí tọ́, ó sì pọn dandan. Kí a wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣepin, kí a wo bí ó ti ń rìn, kí a wo ara rẹ̀ bóyá irun ti re, kí a sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ṣùgbọ́n ojú yìí pàápàá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àrùn dìgbòlugi, tí ń ti inú itọ́ ajá wọ ara ènìyàn, kì í hàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ lè ti wà nínú itọ́ ajá ní ọjọ́ mélòó kan kí ajá náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wèrè. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣọ́ ajá tí ó bá gé ènìyàn jẹ fún ọjọ́ 10. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ènìyàn 100 tí dìgbòlugi bá mú, bíi 99 ni ó ti ara ajá kó o. Bí àmì àrùn náà bá sì ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ń yè é. Abẹ́rẹ́ wà fún un láti ọjọ́ 6 oṣù Keje 1885, tí Louis Pasteur ti tọ́jú ọmọdékùnrin kan tí ajá gé jẹ ní ilẹ̀ Faransé. Nítorí náà, ajá tí irun rẹ̀ ń dán tí a kò tíì gún lábẹ́rẹ́ léwu ju ajá tí a lè ka egungun ìhà rẹ̀ tí a sì ti gún.

Ojú kejì ni ojú ìdájọ́: kí a wo àwọ̀ ajá, tàbí etí rẹ̀, tàbí bí ẹnu rẹ̀ ti gùn tó, kí a sì ti ibẹ̀ sọ pé oníwà jẹ́jẹ́ ni tàbí òǹrorò. Ojú yìí ń tan ni jẹ. Àwọn àgbà ti wí pé orí burúkú kì í wú tuulu, a kì í sì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà. Ní 2009, àwọn olùwádìí kan ní California ṣe àyẹ̀wò DNA ajá 20 tí àwọn ilé ìtọ́jú ti fi ojú lásán sọ irú ẹ̀yà tí wọ́n jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú orúkọ tí wọ́n fún wọn ni kò bá DNA wọn mu. Ní 2022 ẹ̀wẹ̀, ìwádìí ńlá kan jáde tí a gba ìròyìn ajá tí ó lé ní 18,000 sí. Wọ́n rí i pé bí ìwà ajá kan ti yàtọ̀ sí ti èkejì, bí ìdá 9 péré nínú 100 ni a lè sọ pé ẹ̀yà rẹ̀ ló fà á. Àwọn baba wa tí wọ́n jẹ́ ọdẹ kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Ajá tí ń gbọ́ fèrè ni ọdẹ ń wá, nítorí èyí tí yóò sọnù kì í gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá sì ti ka ìtàn bí Sámúẹ́lì ti lọ sí ilé Jésè mọ̀ pé wòlíì pàápàá lè wo gíga ènìyàn kí ó sì ṣìnà.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó yẹ kí a rántí. Ní 1959, ọ̀gbẹ́ni Dmitri Belyaev bẹ̀rẹ̀ sí í sin kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní Siberia. Kò wo ẹwà irun wọn. Èyí tí kò bẹ̀rù ènìyàn tí kò sì fẹ́ gé ni jẹ ni ó ń yàn láti bímọ. Lẹ́yìn ìran mélòó kan, àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ń ju ìrù sí ènìyàn, etí àwọn mìíràn rọ̀ wálẹ̀, àwọ̀ ara wọn sì di aláàmì funfun. Ìwà ni wọ́n wá, ìrísí sì tẹ̀lé e lẹ́yìn. Àwa Yorùbá ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ìwà lẹwà.

Ojú kẹta ni ojú ìfẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹjọ́ wà. Ẹnìkan lè wí pé: “Èmi kò tan ara mi jẹ. Mo mọ̀ pé èyí tí ó rẹwà kò sàn ju èkejì lọ. Ó kàn wù mí ni. Ilé mi ni yóò gbé, owó mi ni yóò jẹ. Ta ni mo ṣẹ̀?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò ṣẹ ajá tí ó mú, nítorí ebi ń pa òun náà. Kò sì sí ẹni tí ó lè gba gbogbo ajá ìgboro sílé.

Ṣùgbọ́n a ó bi í pé, kí ni ó wá ṣe? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ilé ni ó wá rà, ọjà ṣí sílẹ̀, kí ó lọ rà á, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àánú ni ó wá ṣe, àánú kì í bèèrè pé ta ni ó wù mí. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé ta ni ó wà nínú àìní tí agbára mi ká. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ ń gba ìyìn àánú, owó ẹ̀ṣọ́ ni ó sì ń san. Ẹ jẹ́ kí a tún ro èyí: ajá tí ó rẹwà, bí a kò bá mú un lónìí, ẹlòmíràn lè mú un lọ́la. Èyí tí kò rẹwà, bí a bá kọjá lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwa ni ẹni ìkẹyìn tí yóò dúró wò ó.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, bí ajá kò bá wu ènìyàn, kò ní tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Òótọ́ ni pé ìfẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi ipá mú. Àwa kò sọ pé kí a wá èyí tí ó burẹ́wà jù lọ. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kí aráyé lè yìn ín, ìrísí ni òun náà fi yàn. Ohun tí à ń sọ ni pé ìfẹ́ ojú kò tó ohun tí a lè gbára lé. Ajá lè gbé tó ọdún 10 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹwà ọmọ ajá kì í sì í pé ọdún kan. Ṣùgbọ́n ẹranko tí a fi ọwọ́ ara wa bọ́ títí irun rẹ̀ fi hù padà, kì í ṣòro fún ọkàn láti fẹ́ràn rẹ̀.

Àwa tí à ń gbé ilẹ̀ Uvwie yìí gẹ́gẹ́ bí àlejò, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé wa. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ wa, aṣọ wa àti bí a ti ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Àwọn tí ó gbà wá sílé ni ó fún wa láàyè kí ìwà wa lè sọ̀rọ̀. Ènìyàn kì í ṣe ajá, a kò sì fi wọ́n wé ara wọn. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni a fi ń wo méjèèjì, ojú tí ó bá sì ti kọ́ láti máa kánjú dájọ́ lórí ajá kì í dúró síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gba ajá, kí ó lọ wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí ó wo bí ó ti ń jẹun, àti bí ó ti ń ṣe bí ènìyàn tàbí ajá mìíràn bá sún mọ́ ọn. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ọmọdé na ọwọ́ sí ajá tí a kò mọ̀. Kí dókítà ẹranko gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bí ó bá ti pé oṣù 3, kí a sì máa tún un gún bí dókítà bá ti wí. Bí ajá bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi wẹ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn náà, bí méjì tàbí mẹ́ta bá wà tí ìwà wọn tẹ́ wa lọ́rùn tí àìní wọn sì dọ́gba, kí ojú wá sọ èyí tí ó wù ú. A kò lé ojú jáde kúrò nínú ìgbìmọ̀. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ó má ṣe jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.