Ta Ni Ó Ni Wákàtí Tí A Fi Ń Kàwé?



Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí á jọ yẹ̀ wò. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ báǹkì níhìn-ín ní ilẹ̀ Hausa ń wá oyè másítà nínú ìmọ̀ ìṣirò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò sì kúrò nílé. Ìbéèrè wa ni pé: wákàtí tí wọ́n fi ń kàwé, ti ta ni?

A kò bá ìmọ̀ ìṣirò jà. Mùsùlùmí ni Al-Khwarizmi tí ó kọ ìwé al-jabr ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820. Láti inú orúkọ ìwé náà ni a ti rí algebra tí àwọn ọmọ wa ń kọ́, apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì dá lórí pípín ogún. Ẹ̀kọ́ láti òkèèrè náà kì í ṣe àjèjì. Ìjọba dá National Open University sílẹ̀ ní 1983, wọ́n tì í pa ní 1984, wọ́n sì tún un ṣí ní 2002.

Ọ̀rọ̀ ogún yìí gan-an ni yóò là wá lóye. Bí ọkùnrin kan bá kú, tí bàbá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ, tí ó fi ìyàwó kan, ìyá àti ọmọkùnrin kan sílẹ̀, ọ̀nà 24 ni a ó pín ogún rẹ̀ sí. Ìyàwó gba 3, ìyá gba 4, ọmọ gba 17. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ bu ti ẹnì kejì mọ́ tirẹ̀, ì báà ṣe iṣẹ́ rere ni ó fẹ́ fi ṣe.

Wákàtí 24 náà ni ọjọ́ ní. Ìrun ní tirẹ̀. Ọ̀gá tí ń san owó oṣù ní tirẹ̀. Ìyàwó àti ọmọ ní tiwọn, ara tí ó fẹ́ sùn sì ní tirẹ̀. Ẹni tí ó ń yanjú ìṣirò lábẹ́ tábìlì nígbà tí àwọn oníbàárà tò síwájú rẹ̀, kò yàtọ̀ sí àwa ọlọ́jà bí a bá dín mùdù ìrẹsì kù. Òṣùwọ̀n ni wákàtí pẹ̀lú.

Ẹnìkan lè wí pé, "Alfa, bí a bá pín gbogbo rẹ̀ tán, kí ló kù fún ìwé?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí ó ni ìpín lè fi tọrẹ. Ọ̀gá lè yọ̀ǹda, ìyàwó náà lè yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n kí á bi wọ́n ni. Ìdákẹ́ wúńdíá lè jẹ́ ìyọ̀ǹda nínú ọ̀rọ̀ yìgì. Ìdákẹ́ ìyàwó ilé tí ó ti rẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Bí ó bá sì di ọ̀la tí òun náà fẹ́ kàwé, kí á rántí ẹni tí ó kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Bí wọn kò bá yọ̀ǹda, kí á bu ú nínú ìpín tiwa: wákàtí bọ́ọ̀lù, wákàtí àròyé orí fóònù, àti ìnáwó ọjọ́ Sátidé. Bí ìyẹn bá kéré, kí á mú ẹ̀kọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó gba ọdún tí yóò gbà. Oyè tí ó pẹ́ dé sàn ju èyí tí a fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn rà.

Kí Ọlọ́run Allah fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá ní àǹfààní, kí Ó sì jẹ́ kí á lè fi ẹ̀tọ́ fún ẹni tí ó ni í. Àmín.