Ìgbèjà Kì Í Ṣe Ìbòmọ́lẹ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí a ní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, a máa ń dáwó. A ń dáwó òkú, a ń dáwó ìkómọ, a ń dáwó fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ ẹgbẹ́ nítorí jàǹbá ọkọ̀, a óò dá ti lọ́yà. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ ni ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìpàdé ti máa ń dàrú. Àwọn kan á ní ẹni tó bá dá kọ́bọ̀ ti lọ́wọ́ nínú ìwà ìkà náà. Àwọn mìíràn á ní ọmọ wa ni, kí á tètè wá àgbà tí yóò lọ bẹ ìdílé ọmọbìnrin náà, kí ọ̀rọ̀ tán nílé.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, ibi tí mo bá a dé rèé: ohun kan náà ni apá méjèèjì ń wá. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi gbà pé ó yẹ kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní agbẹjọ́rò, agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ dáadáa. Mo sì gbà pé kì í ṣe òun nìkan ni agbẹjọ́rò náà ń ṣe láǹfààní.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́n a máa gbé ẹlẹ́wọ̀n wá sí wọ́ọ̀dù, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́dà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A kì í bi í pé kí ló ṣe. A óò wẹ egbò, a óò fún un lóògùn. Kò sí ẹni tó máa sọ pé nọ́ọ̀sì tó di egbò olè ti bá a jalè. Àwọn agbẹjọ́rò tí wọ́n ń pè ní barrister ní England ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Cab rank rule ni orúkọ rẹ̀. Bí takisí tó wà níwájú ìlà ṣe gbọ́dọ̀ gbé ẹni tó bá kàn, bẹ́ẹ̀ ni barrister kò gbọdọ̀ kọ ẹjọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe tìtorí pé oníbàárà náà tàbí ẹ̀sùn ọrùn rẹ̀ kó o nírìíra.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: àfiwé yẹn kò délé. Bí mo bá di egbò ẹlẹ́wọ̀n, kò dun ẹlòmíràn. Bí agbẹjọ́rò bá dìde ní kóòtù, obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ìbéèrè rẹ̀ máa gún lára. Kí lo wọ̀? Kí ló dé tí o kò pariwo? Kí ló dé tí o fi í sílẹ̀ kó wọlé? Mo mọ àwọn obìnrin tí wọn ò lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá rárá torí ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹni tó bá ń sọ pé ìgbèjà dára gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ìrora yìí lójú.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1996. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́jọ́ ìfipábánilòpọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun á gbèjà ara òun. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ló fi ń da ìbéèrè bo obìnrin náà fúnra rẹ̀. Wọ́n dá a lẹ́bi níkẹyìn, ṣùgbọ́n ẹ ro ọjọ́ mẹ́fà yẹn wò. Ariwo gba ìlú, òfin sì yí padà ní 1999. Láti ìgbà náà, ní England àti Wales, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ bi obìnrin náà léèrè ọ̀rọ̀. Bí kò bá ní agbẹjọ́rò, kóòtù lè yan ọ̀kan tí yóò ṣe ìyẹn. Òfin kan náà ní agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ tú ìgbésí ayé obìnrin náà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mìíràn síta láìjẹ́ pé adájọ́ gbà á láàyè. Ṣé ẹ rí i? Agbẹjọ́rò tí a rò pé ọ̀tá obìnrin náà ni, òun gan-an ni òfin fi ṣe ògiri láàárín òun àti ọkùnrin yẹn.

Ògiri náà ní òfin tirẹ̀. Bí oníbàárà bá jẹ́wọ́ fún agbẹjọ́rò rẹ̀ pé òun ṣe é, agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ dúró níwájú adájọ́ kó sọ pé kò ṣe é. Ohun tó lè ṣe ni kó dán ẹ̀rí ìjọba wò bóyá ó múnádóko. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, agbẹjọ́rò yìí náà ló máa pe oníbàárà rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rí yìí le, ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi.” Ẹni tó bá tètè gbà bẹ́ẹ̀ ní England lè rí ìdá mẹ́ta ìjìyà rẹ̀ kó dín ní ẹyọ kan. Obìnrin náà kò sì ní í jókòó sí kóòtù kí wọ́n máa bi í ní ohunkóhun.

Ohun kan tún wà tí iṣẹ́ mi fi yé mi. Bí wọ́n bá ṣàyẹ̀wò ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n bá gbà lára rẹ̀ ni wọ́n ń dì, tí wọ́n ń kọ ọjọ́ àti aago sí, tí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án sì ń buwọ́ lù ú. Nínú ìwé aláìsàn, ohun tí a rí àti ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ là ń kọ. A kì í kọ èrò ọkàn wa. Kí ló dé tí a fi ń ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀? Torí a mọ̀ pé ẹnìkan máa ka ìwé yẹn lọ́jọ́ kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá ibi tó ti jò. Bí kò bá sí ẹni yẹn, wàhálà ta ni a ó máa ṣe? Ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò dán wò kì í lágbára.

Ẹ rántí Andrew Malkinson. Ní 2003, ẹnìkan fipá bá obìnrin kan lò pọ̀ ní Salford. Obìnrin náà ní òun fi èékánná ha ẹni náà lójú gidi; ojú Malkinson kò ní àpá kankan. Síbẹ̀ wọ́n dá a lẹ́bi ní 2004, mẹ́wàá lára jury méjìlá ló fọwọ́ sí i. Àwòrán wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó fi hàn pé èékánná obìnrin náà kán, wọn kò fi han agbẹjọ́rò rẹ̀. Ó lo ọdún 17 lẹ́wọ̀n. Ì bá ti jáde ṣáájú ìgbà yẹn ká ní ó gbà pé òun ṣe é, ó kọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2023, lẹ́yìn tí DNA ti tọ́ka sí ẹlòmíràn, Court of Appeal wọ́gi lé ìdájọ́ náà. Obìnrin yẹn kò purọ́ o; wọ́n ṣe é níkà lóòótọ́, ó kàn ṣi ẹni mọ̀ ni. Nítorí náà òun náà jìyà àṣìṣe yìí: ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹni tó ṣe é gan-an ń rìn káàkiri.

Àwa aláwọ̀ dúdú ní ìdí tiwa láti rántí. Ní Alabama, ní 1931, wọ́n fẹ̀sùn kan ọmọ dúdú mẹ́sàn-án pé wọ́n fipá bá obìnrin funfun méjì lò pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, láìsí agbẹjọ́rò tó múra sílẹ̀, wọ́n sì dájọ́ ikú fún mẹ́jọ nínú wọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà wọ́gi lé e ní 1932 torí pé wọn kò ní agbẹjọ́rò gidi. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wá jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé irọ́ ni. Kò sì yẹ kó ṣàjèjì sí wa, àwọn tí baba wa ń sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin Nàìjíríà ti 1999 náà, ní ìpín 36, sọ ọ́ kedere: aláìjẹ̀bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí á fi jẹ́ kó jẹ̀bi, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí agbẹjọ́rò tó bá wù ú.

Àmọ́ òwe yẹn kò yọ àwọn tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán nílé sílẹ̀. Àgbà tó wọ agbádá lọ bẹ ìyá ọmọbìnrin náà kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan. Orúkọ ìdílé ló ń gbà là. Àwa tí a ń gbé níbí sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹni tó bá lọ yí ẹlẹ́rìí lọ́kàn padà lè fi ẹ̀wọ̀n jura lórí ìyẹn nìkan.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún gbé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sí ìpàdé, ìbéèrè kan ni n óò bi akápò: ọ̀dọ̀ ta ni owó yìí ń lọ? Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò tí yóò sọ̀rọ̀ ní gbangba níwájú adájọ́, n óò dá tèmi, bí ọkàn mi ò tiẹ̀ fẹ́ràn ọmọkùnrin náà. Bó bá jẹ́ owó ìpẹnumọ́ ni, kí wọ́n yọ orúkọ mi. N óò sì tún béèrè ìkejì, èyí tí mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀: ta ló ń bá ọmọbìnrin náà lọ sí kóòtù?